Líìgì Họ́láńdì nígbà ogun Hítílà: kí ló dé tí bọ́ọ̀lù ò dúró?

Ìbéèrè tí bàbá kan fi ránṣẹ́ rèé. Mo gé e kúrú díẹ̀: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọmọ mi tó fẹ́ràn Ajax bí ojú ló fi orúkọ gbogbo ẹgbẹ́ tó ti gba líìgì Họ́láńdì hàn mí lórí fóònù. Mo rí i pé ẹgbẹ́ kan gbà á ní 1941, òmíràn gbà á ní 1942 àti 1943, òmíràn tún gbà á ní 1944, ṣùgbọ́n 1945 ṣófo. Ogun Hítílà là ń sọ yìí kẹ̀, Jámánì ló sì wà nílùú wọn. Báwo lèèyàn ṣe ń gbá líìgì nígbà tí ọ̀tá ti gba ìlú? Ṣé ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n ni? Àwọn wo tiẹ̀ ni De Volewijckers tó gba ti 1944, tí mi ò gbọ́ orúkọ wọn rí? Ṣé àwọn ni Jámánì yìnbọn pa torí pé wọ́n fìyà jẹ Jámánì nínú bọ́ọ̀lù?”

Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ìkẹyìn kúrò nílẹ̀, torí òun ló rọrùn jù. Rárá o, wọn kọ́. Kyiv ní Yukréènì ni ìtàn yẹn ti wá. Ní oṣù Kẹjọ 1942, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Start na Flakelf, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ogun Jámánì, ní 5-3. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Start ti gbá bọ́ọ̀lù fún Dynamo Kyiv kí ogun tó dé. Ilé búrẹ́dì ni wọ́n wá ń ṣiṣẹ́ sí. Ẹnu ayé ló sọ ọ́ di pé orí pápá ni wọ́n ti pa wọ́n lọ́jọ́ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún gbá bọ́ọ̀lù mìíràn lẹ́yìn rẹ̀ kí wọ́n tó wá kó wọn, oṣù Kejì 1943 sì ni wọ́n pa mẹ́ta nínú wọn ní Syrets, àgọ́ tí Jámánì ń há èèyàn mọ́ ní Kyiv: Trusevych tó ń ṣọ́lé, Kuzmenko àti Klymenko. Ikú wọn burú tó bó ṣe rí, kò nílò àbùmọ́ kankan.

Ó yá, Họ́láńdì.

Ilẹ̀ Clemens Westerhof àti Jo Bonfrere ni, àwọn òyìnbó méjì tó tukọ̀ Super Eagles lójú wa. Níbẹ̀ náà ni Finidi àti Kanu ti bá Ajax gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Yúróòpù ní 1995. Torí pé líìgì wọn ti òde òní la mọ̀, òun la máa ń fi sọ́kàn tí a bá ń ka orúkọ ìgbà láéláé, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti ń wọlé. Ní 1940, òfin kò gbà kí agbábọ́ọ̀lù kankan ní Họ́láńdì gba owó lórí bọ́ọ̀lù. Ọdún 1954 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí i. Akọ̀wé, káfíńtà, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ ni wọ́n láti ọjọ́ Mọ́ńdè; ọjọ́ Sunday ni wọ́n ń di agbábọ́ọ̀lù. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí líìgì kan ṣoṣo tó kárí orílẹ̀-èdè. Ẹkùn márùn-ún ni wọ́n pín ìlú sí, ìwọ̀-oòrùn tó lérò jù ní méjì, àríwá, ìlà-oòrùn àti gúúsù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹgbẹ́ inú ẹkùn á bá ara wọn gbá a nílé àti lájò. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní ní ẹkùn tirẹ̀ á wá bá àwọn mẹ́rin yòókù fà á, ẹ̀ẹ̀mejì pẹ̀lú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nínú eré mẹ́jọ yẹn ni ọ̀gá orílẹ̀-èdè ti ń jáde.

Ẹ má fojú kéré ètò yìí, òun gan-an ló gbé líìgì la ogun já. Nígbà tí epo mọ́tò ti di góòlù, tí ọkọ̀ ojú irin sì ń kó ẹrù ọmọ ogun, ẹgbẹ́ kan láti Rotterdam ṣì lè fi kẹ̀kẹ́ tàbí tíráàmù dé ìlú kejì, kó gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀, kó sì padà sílé kí aago kónílé-ó-gbélé tó lù. Àwọn márùn-ún tó bá dé ìparí nìkan ló ń wá ọ̀nà jíjìn. Ká ní bí líìgì wa ti òde òní ló rí, tí wọ́n á gbéra láti Èkó lọ sí Máídúgùrì, oṣù mélòó kan ni kò bá pé kó tó dáwọ́ dúró.

Àárọ̀ kùtù ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún 1940 ni Jámánì wọlé. Ẹ wo bí bọ́ọ̀lù ṣe sún mọ́ ọn tó. Ní gúúsù Rotterdam, àwọn ọmọ ogun tó fi párásúùtì bọ́ látinú bàálù balẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ pápá Feyenoord, De Kuip, tí wọ́n ṣí ní 1937, tí ọ̀dà ara rẹ̀ kò tíì ṣá. Wọ́n gba tíráàmù kan tó ń kọjá lọ, wọ́n wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́, tíráàmù náà sì gbé wọn dé orí afárá odò Maas bí ìgbà tó ń gbé ọlọ́jà. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, bọ́ǹbù sọ àárín Rotterdam di eérú, ó lé ní 800 èèyàn tó kú, bíi 80,000 sì di aláìnílé. Ọbabìnrin Wilhelmina ti sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Họ́láńdì túúbá. Feyenoord ló gba ife sáà tí ogun ká mọ́ ojú pápá yẹn.

Bàbá, ẹ ó rò pé ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù máa parí sí. Kò parí. Nígbà tó fi máa di òpin ọdún náà, sáà tuntun ti wà lójú pápá, Heracles láti Almelo, ìlú àwọn ahunṣọ lápá ìlà-oòrùn, ló sì gbà á ní 1941. ADO láti Den Haag gba ti 1942, ó gba ti 1943 mọ́ ọn. Ohun kan tó kéré lójú ló kọ́kọ́ yí padà. KNVB ni orúkọ àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù wọn, K iwájú yẹn sì ni àmì pé ààfin mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ọba ti wà lájò lọ́dọ̀ ọ̀tá Jámánì, wọ́n ní kí wọ́n gé K náà kúrò. Wọ́n gé e. NVB ló kù lórí ìwé.

Kí ló dé tí Jámánì fi gbà kí wọ́n máa gbá a? Ọkùnrin tí Hítílà fi ṣe olórí níbẹ̀, Arthur Seyss-Inquart, ọmọ Ọ́síríà, gbàgbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ló wà lára àwọn ará Họ́láńdì àti Jámánì, ó sì kọ́kọ́ fẹ́ fi ohùn pẹ̀lẹ́ fà wọ́n mọ́ra. Ó fẹ́ kí ayé rí bí ó ṣe ń rí: kí ṣọ́ọ̀bù ṣí, kí ilé sinimá kún, kí bọ́ọ̀lù máa lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń pariwo góòlù ní ọ̀sán Sunday kò sí níbi tí wọ́n ti ń pète bí wọ́n á ṣe fọ́ ojú irin. Ọ̀rọ̀ yìí kò ní àwámárìídìí kankan, gbogbo ìjọba agbára ló mọ̀ ọ́n.

Àwọn tó ń darí bọ́ọ̀lù fúnra wọn náà ní ìdí tiwọn. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù kì í ṣe òṣèlú. Wọ́n ní tí àwọn bá kọ̀ ọ́ sílẹ̀, NSB, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Họ́láńdì tó ń sin Hítílà, ló máa gbà á. Karel Lotsy ni olókìkí jù nínú wọn. Ó ti lórúkọ kí ogun tó dé torí ọ̀rọ̀ ìwúrí tó máa ń bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè sọ nínú yàrá ìmúra. Lẹ́yìn ogun, wọ́n yìn ín pé ó fọgbọ́n gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ìparun. Ó ti kú tipẹ́ kí àwọn èèyàn tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi í lójú ìwé ìròyìn pé kí ló fi ra ìgbàlà náà.

Ẹ jẹ́ kí n fi Nọ́wè wé e, torí ìgbà kan náà ni Jámánì gba ibẹ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn Quisling, ọmọ Nọ́wè tó ń bá Hítílà ṣiṣẹ́, fẹ́ fọwọ́ mú gbogbo ẹgbẹ́ eré ìdárayá lópin 1940, àwọn eléré Nọ́wè fi pápá sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n jọ̀wọ́ aṣọ, wọ́n jọ̀wọ́ ipò. Ìjọba Quisling ṣètò ìdíje, òǹwòran kò yọjú. Àwọn tó fẹ́ ṣeré gan-an lọ ń ṣe é nínú igbó ní bòńkẹ́lẹ́. Láti 1941 títí di 1944, kò sí ife orílẹ̀-èdè tí ará Nọ́wè kankan kà sí ife. Ní Pólàńdì ẹ̀wẹ̀, Jámánì kò tiẹ̀ bi wọ́n léèrè: wọ́n fòfin de bọ́ọ̀lù fún ọmọ Pólàńdì pátápátá, àwọn ará Kraków àti Warsaw sì ń fi ẹ̀mí wọn wewu gbá a ní kọ̀rọ̀. Nítorí náà, bàbá, tí ẹ bá bi mí pé ṣé ó ṣeé ṣe láti kọ̀, ó ṣeé ṣe. Àmọ́ kí a sọ ọ́ bó ṣe rí: ará Nọ́wè kọ̀ torí pé wọ́n wá gba ẹgbẹ́ lọ́wọ́ wọn ní gbangba. Ní Họ́láńdì, wọ́n fi àga sílẹ̀ fún ẹni tó wà lórí rẹ̀, wọ́n kàn ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwọn èrò ìwòran ńkọ́? Wọ́n ya lọ síbẹ̀ ju ti ìgbà àlàáfíà lọ. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu. Owó wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ díẹ̀, ọjà tí wọ́n máa fi rà kò sí. Ijó di èèwọ̀, rédíò di ohun tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ ẹni ní 1943, ìwé ìròyìn di irọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù kò gba kúpọ́ọ̀nù, ìwé tí ìjọba fi ń wọn ọjà fún èèyàn. Ní pápá, ẹgbàágbèje èèyàn lè pariwo ní èdè ara wọn fún wákàtí kan ààbọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì lè mú wọn fún un. Èmi ò ní pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọ̀dàlẹ̀. Bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ di ọ̀wọ́n, torí awọ àti rọ́bà ti bógun lọ. Aṣọ àti bọ́ọ̀tù, lílẹ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́. Nígbà tó sì di 1943, tí Jámánì túbọ̀ ń fipá kó ọkùnrin lọ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìbọn wọn, orúkọ ẹni tó wà nínú ìwé eré kì í ṣe ẹni tó dé pápá mọ́. Àwọn kan ti wọ ọkọ̀ lọ sí Jámánì, àwọn mìíràn wà lábẹ́ àjà ilé ẹ̀gbọ́n wọn. Ibi tí ọ̀dọ́mọkùnrin pọ̀ sí ni àwọn tó ń kóni ń wò, pápá bọ́ọ̀lù sì wà lára rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi ń kọ èsì gígùn yìí kò sí lórí pápá. Ẹnu géètì ló wà.

Ní oṣù Kẹsàn-án 1941, àṣẹ jáde pé Júù kò gbọ́dọ̀ wọ pápá ìṣeré mọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ọgbà ìgbafẹ́, ilé sinimá, ilé oúnjẹ. Pátákó kan ló jẹ́rìí sí i: “Voor Joden verboden”, èèwọ̀ ni fún Júù. Lẹ́yìn oṣù kan ó lé díẹ̀, òfin mìíràn tún ní Júù kò gbọ́dọ̀ bá ẹni tí kì í ṣe Júù wà nínú ẹgbẹ́ kan náà. Ẹ fojú inú wo ọkùnrin kan tó ti ń san owó ẹgbẹ́ láti ogún ọdún, tí ọmọ rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́, tó mọ ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní orúkọ. Lọ́jọ́ Sunday kan, ó wọlé. Lọ́jọ́ Sunday kejì, pátákó wà níbẹ̀. Ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì kò yí padà, ọmọ Họ́láńdì bíi tirẹ̀ ni. Kò sí ọmọ ogun Jámánì kankan tó nílò láti dúró síbẹ̀. Eré bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun sì wọ́.

Bíi 140,000 Júù ló wà ní Họ́láńdì, Amsterdam ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń gbé. Wọ́n pa nǹkan bí 102,000. Iye yẹn kò ṣeé dì mú lọ́kàn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dárúkọ mẹ́ta péré tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù so wá pọ̀ mọ́.

Àkọ́kọ́ ni Han Hollander. Ohun tí Ìṣọ̀lá Fọlọ́runṣọ́ àti Ernest Okonkwo jẹ́ létí àwa tó gbọ́ bọ́ọ̀lù lórí rédíò nílé yìí, òun ló jẹ́ fún Họ́láńdì. Òun ló kọ́kọ́ ròyìn bọ́ọ̀lù lójú ẹsẹ̀ lórí rédíò wọn, Họ́láńdì àti Bẹ́ljíọ̀mù, ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 1928. Fún ọdún méjìlá, ẹni tí kò rówó dé pápá, ojú Hollander ló fi ń wò ó. Oṣù Karùn-ún 1940, Jámánì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ilé-iṣẹ́ rédíò ti ní kó máa lọ ilé, torí pé Júù ni. Wọ́n kó òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ sí àgọ́ Westerbork ní Họ́láńdì, níbi tí wọ́n ti ń há Júù mọ́, láti ibẹ̀ sí Sobibor, àgọ́ ikú ní Pólàńdì, wọ́n sì pa wọ́n ní ọjọ́ 9 oṣù Keje 1943. Ohun tó tún ń dùn mí nínú Westerbork ni pé bọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n há mọ́ ibẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń gbá a láàárín ara wọn, ọjọ́ Túsìdeé sì ni ọkọ̀ ojú irin sábà máa ń wá kó èèyàn lọ. Ẹgbẹ́ tó pé lónìí, kò dájú pé yóò pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹnì kejì ni Eddy Hamel, kí ọmọ ọmọ yín bàa lè gbọ́, torí Ajax ni tirẹ̀. New York ni wọ́n bí i sí. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Ajax láti 1922 dé 1930, lápá ọ̀tún, eré 125, góòlù 8. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, ìyẹn kò sì gbà á. Wọ́n mú un ní 1942, wọ́n kó òun, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì lọ sí Auschwitz, àgọ́ ikú mìíràn ní Pólàńdì. Ìbejì ni àwọn ọmọ náà, ọkùnrin méjèèjì, wọn ò tíì pé ọdún márùn-ún. Hamel fi oṣù mélòó kan ṣe iṣẹ́ àṣekú níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń yẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n wò, eéwo wú sí i lẹ́nu. Eéwo lásán, èyí tí nọ́ọ̀sì máa fi omi gbígbóná rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n nawọ́ sí i pé kó bọ́ sí apá kejì, apá àwọn tí wọ́n máa pa. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin 1943 ni ọjọ́ ikú rẹ̀. Lóṣù yẹn, ADO ń lé ife kejì rẹ̀ bọ̀.

Ẹnì kẹta yè é. Leo Horn, rẹfirí ni, ará Amsterdam, ó ń ta aṣọ. Nígbà tí wọ́n gba fèrè lọ́wọ́ àwọn rẹfirí tó jẹ́ Júù ní 1941, ó di ẹlòmíràn: ó gbé orúkọ Dókítà Van Dongen wọ̀, ó sì dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń bá Jámánì jà lábẹ́lẹ̀. Ogun parí, ó padà sí fèrè rẹ̀. Ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá 1953, nígbà tí Hungary lọ fi 6-3 na Gẹ̀ẹ́sì mọ́lé ní Wembley, eré tí àwọn òǹkọ̀wé bọ́ọ̀lù kò tíì dákẹ́ lórí rẹ̀ títí dòní, ẹni tó wà láàárín pápá tó ń fun fèrè ni “Dókítà Van Dongen” yẹn.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ohun kan tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi jọra: kò sí eré kan tí wọ́n fagi lé nítorí wọn.

Ẹlòmíràn wà tí kì í ṣe Júù tí ogun gbà lọ́wọ́ bọ́ọ̀lù. Jack Reynolds, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Ajax. Ọmọ ọ̀tá ni lójú Jámánì, nítorí náà wọ́n kó o lọ sí àgọ́ ìhámọ́ ní Tost, ó wà nínú ìhámọ́ títí ogun fi parí. Ajax gba ife ní 1939, Reynolds ló wà níbẹ̀. Wọn kò tún fojú kàn án títí di 1947, Reynolds náà ló tún wà níbẹ̀. Rinus Michels, tó wá di baba bọ́ọ̀lù Họ́láńdì, lábẹ́ rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ wọ aṣọ Ajax ní 1946. Ìdí rèé tí ọmọ ọmọ yín kò fi rí orúkọ Ajax láàárín ọdún wọ̀nyẹn.

Àwọn De Volewijckers tí ẹ béèrè wá ńkọ́? Amsterdam ni wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe Amsterdam tí àwọn arìnrìn-àjò ń ya fọ́tò rẹ̀. Òdìkejì omi IJ ni, Amsterdam-Noord, àdúgbò àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1920, aṣọ aláwọ̀ ewé àti funfun ni tiwọn, pápá wọn sì wà ní Mosveld, láàárín ilé àwọn òṣìṣẹ́. Douwe Wagenaar ni ààrẹ ẹgbẹ́, Jaap van der Leck, tó padà di olùkọ́ ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè, ló ń kọ́ wọn. Àdúgbò yẹn kì í ṣe ibi tí Jámánì ti ń rí ẹ̀rín músẹ́. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ Amsterdam daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kejì 1941 torí bí wọ́n ṣe ń lu Júù tí wọ́n sì ń kó wọn ní ìgboro, àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní Noord wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà sì lórúkọ pé àwọn ọmọ inú rẹ̀ ń ṣèrànwọ́ fún àwọn tó sá pamọ́.

Sáà 1943 sí 1944 tí wọ́n gbà yẹn, ẹ gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje 1943, bàálù Amẹ́ríkà wá ju bọ́ǹbù sí ilé-iṣẹ́ Fokker, níbi tí wọ́n ti ń ṣe bàálù fún Jámánì ní Noord. Bọ́ǹbù náà ṣìnà. Ilé àwọn èèyàn ló bà lé, ó lé ní 150 tó kú. Ọ̀rẹ́ tó wá gbani ló pa wọ́n. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àwọn tó sin òkú wọ̀nyẹn wà ní Mosveld, wọ́n ń pariwo fún àwọn ọmọ àdúgbò wọn, nígbà tó sì fi máa di ọdún 1944, àwọn ọmọ àdúgbò náà ti di ọ̀gá gbogbo Họ́láńdì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí De Volewijckers gbà á nìyẹn. Wọ́n padà di ẹgbẹ́ tó ń sanwó bíi ti gbogbo èèyàn ní àwọn ọdún 1950; ní 1974, apá tó ń sanwó nínú wọn wọ inú FC Amsterdam, ẹgbẹ́ yẹn náà sì kú ní 1982. Kò yẹ kí ojú tì yín pé ẹ kò gbọ́ orúkọ wọn rí, ọ̀pọ̀ ọmọ Amsterdam náà kò mọ̀ wọ́n.

Ṣé ó yẹ kí wọ́n ka ife náà? Họ́láńdì kà á. Àwọn Faransé ò ka gbogbo tiwọn, ṣùgbọ́n tiwọn yàtọ̀: ní sáà 1943 sí 1944, ìjọba Vichy, ìjọba Faransé tó ń bá Jámánì ṣiṣẹ́, gba àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ń gbowó kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wọn, ó pín wọn sí ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ 16 tí ìjọba ń sanwó fún. Lens-Artois ló ṣe ipò kìíní, lẹ́yìn ogun wọ́n da ìwé náà nù bí omi ìṣanwọ́. Ní ti Họ́láńdì, ẹgbẹ́ kan náà ni, pápá kan náà, òfin eré kan náà. Èmi gbà pé kí wọ́n kà á. Àwọn ọmọkùnrin Noord yẹn fi ẹsẹ̀ wọn gbà á. Ohun tí mo ń jà fún ni kí ẹni tó bá kọ “1944, De Volewijckers” má rò pé gbogbo ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i ló wà nínú ìdíje náà. Ní apá ìsàlẹ̀ líìgì Amsterdam, àwọn ẹgbẹ́ bíi HEDW àti Wilhelmina Vooruit wà, tí Júù pọ̀ gidigidi nínú wọn. Lẹ́yìn ogun, àwọn méjèèjì ní láti da ara pọ̀ kí wọ́n tó lè máa wà lọ.

Ó wá ku 1945 tó ṣófo lójú yín. Ní oṣù Kẹsàn-án 1944, bí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ṣe ń bọ̀ láti gúúsù, ìjọba Họ́láńdì tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè daṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n dà á. Jámánì gbẹ̀san, wọ́n dí ọ̀nà oúnjẹ mọ́ ìwọ̀-oòrùn. Òtútù dé, èédú tán, iná lọ. Àwọn èèyàn ń se gbòǹgbò òdòdó túlípù jẹ, bíi 20,000 sì kú kí Jámánì tó túúbá ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún 1945. Kò sí ọkọ̀, kò sí oúnjẹ, kò sí ọkùnrin. De Kuip, pápá tí wọ́n bọ́ látojú ọ̀run sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní 1940, kún lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́dún yẹn: ní ọjọ́ 10 àti 11 oṣù Kọkànlá 1944, Jámánì kó ọkùnrin bíi 50,000 ní Rotterdam àti Schiedam fún iṣẹ́ tipátipá, De Kuip sì wà lára ibi tí wọ́n kó wọn jọ sí kí wọ́n tó máa kó wọn lọ.

Báyìí ni 1945 ṣe ṣófo, bàbá. Ọkọ̀ ojú irin ló dá líìgì dúró. Ní 1941, nígbà tí wọ́n gbé pátákó kọ́ sẹ́nu géètì, ọkọ̀ ṣì ń rìn.